Ọmọ Kíláàsì Wa Tí Mo Pàdé ní Oko Ọba

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Akọ̀wé wa ní kí oníkálukú kọ ojú ewé kan péré nípa bí ayé ti ń lọ sí fún un láti ìgbà tí a ti rí ara wa kẹ́yìn, kí a lè kà á níbi ìpàdé ọdún yìí. Ẹ má bínú, tèmi gùn ju ojú ewé kan lọ. Iṣẹ́ tíṣà ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, mo sì máa ń fa ìlà pupa sábẹ́ àròkọ ọmọ tó bá sọ̀rọ̀ jù. Lónìí, n kò rí ibi tí mo lè gé tèmi.

Ẹ ti gbọ́ lórí Wasáàpù pé mo lọ sí Èkó, pé oṣù mẹ́rin ni mo lò ní Ìkẹjà lọ́dọ̀ Dípọ̀ ọmọ mi. Ẹnìkan nínú yín kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Sámúẹ́lì ti di ará GRA, kò ní kí wa mọ́." N kò dáhùn. Kì í ṣe ìgbéraga o. Àwọn ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ kò yé mi ni, ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé kì í mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti wá padà sílé báyìí, ó sì kù díẹ̀ kí n sọ pé kò tíì yé mi síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kàn tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìkòkò ẹ̀wà

Ẹ̀wà ló lé mi kúrò nílé. Mo gbé e kaná lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jáde lọ lé ewúrẹ́ tó wọ inú ẹ̀gẹ́ mi lẹ́yìnkùlé, mo sì gba ibẹ̀ kọjá sí ilé ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣàìsàn. A sọ̀rọ̀ títí. Nígbà tí mo máa fi padà, ìyàwó aládùúgbò mi ti já fèrèsé ilé ìdáná mi, ó ti ń da omi sí iná, gbogbo ògiri ti dúdú. Kí n tó rí ẹnu sọ̀rọ̀, ó ti pe Dípọ̀ lórí fóònù.

Láti ìgbà tí ìyá Dípọ̀ ti jáde láyé, èmi nìkan ni mò ń gbé inú ilé náà. Dípọ̀ dé ní Sátidé. Kò pariwo rárá, èyí ló sì kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ó wo ògiri, ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹ kó aṣọ yín."

"Nítorí ẹ̀wà?"

"Kì í ṣe ẹ̀wà nìkan. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ pè mí ní Bọ̀dé lórí fóònù."

Bọ̀dé ni àbúrò mi tó ti kú. N kò rántí pé mo pe ẹnikẹ́ni ní Bọ̀dé. Mo fẹ́ bá a jiyàn, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi jiyàn? Bí ènìyàn bá gbàgbé nǹkan, ta ni yóò sọ fún un pé ó gbàgbé? Mo kó aṣọ mi.

Ìkẹjà

Mo ti dé Èkó rí, ẹ mọ̀. Mo ti bá wọn ṣe ìpàdé àwọn tíṣà níbẹ̀, mo sì ti sìnkú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò dé irú Èkó tí Dípọ̀ gbé mi lọ yìí rí. Àwọn igi ńláńlá da ìbòòji bo títì, ilé kọ̀ọ̀kan ní ògiri tó ga ju ti ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ nígbà ìsinmi. Mo béèrè lọ́wọ́ Dípọ̀ bóyá ẹnìkan kú ládùúgbò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Gáńbò, mẹ́gáàdì wọn, ló ṣí géètì fún wa. Òun nìkan ló kí mi tọkàntọkàn lọ́jọ́ náà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́nu géètì, mo kí obìnrin kan tó ń jáde nínú ọkọ̀ láti ilé kejì: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ ò jí bí?" Ó wò mí, ó wo Gáńbò, ó yí gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ sókè. Gáńbò ní, "Bàbá, ó rò pé ẹ fẹ́ tọrọ nǹkan ni." Mo wo ara mi. Aṣọ mi mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ní kí n na ẹsẹ̀ díẹ̀. N kò tíì rìn jìnnà tí ọkùnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù àwọn ẹ̀ṣọ́ fi dá mi dúró.

"Bàbá, ọ̀dọ̀ ta lẹ ti ń ṣiṣẹ́?"

"Mi ò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mò ń rìn ni."

"Ẹ ń rìn lọ síbo?"

"Mò ń rìn lásán."

Ó pe ẹnìkejì rẹ̀. "Wá o. Bàbá yìí ní òun ń rìn lásán." Wọ́n bi mí ní nọ́ńbà ilé tí mo ti jáde. N kò mọ̀ ọ́n. Mo ní ilé Dípọ̀ ni. Wọ́n ní Dípọ̀ wo? Mo wẹ̀yìn, gbogbo géètì náà rí bákan náà lójú mi. Gáńbò ló wá yọ lókèèrè tó gbà mí lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí Dípọ̀ gbọ́, ó kọ nọ́ńbà ilé àti ti fóònù rẹ̀ sórí ìwé pélébé, ó fi í sápò agbádá mi. Bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi nìyẹn ní ọjọ́ tí a bá kó wọn jáde lọ wo nǹkan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wọ yàrá mi, mo jókòó.

Ti oúnjẹ ńkọ́? Bísí, ìyàwó Dípọ̀, ọmọ dáadáa ni, kò fi ebi pa mí lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Èkìtì, ẹ gbọ́ o: iyán tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ríro ni wọ́n ń rò ó! Ìyẹ̀fun kan wà nínú páálí, wọ́n á dà á sínú omi gbígbóná, wọ́n á fi igi rò ó yíká, wọ́n á ní ó di iyán. Iyán tí ẹnikẹ́ni kò làágùn fún. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́, mo bi Bísí bóyá odó wọn bàjẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò mọ̀ pé ìbéèrè gidi ni mo bi òun.

Ní ìrọ̀lẹ́, Dípọ̀ á ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó tì mí, á ní, "Bàbá, kí lẹ jẹ láàárọ̀?" Mo kọ́kọ́ rò pé ìfẹ́ ni. Nígbà tó yá, mo rí i pé ìdánwò ni. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ àárọ̀ mi sínú ìwé kékeré, kí n lè yege. Ẹ wò ó, tíṣà àná.

Oko Ọba

Awakọ̀ Dípọ̀ ń jẹ́ Kàmọ́rù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin tó ti tó àádọ́ta ọdún. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń lọ ra ẹran fún wọn ní Oko Ọba, lápá Agége. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n bá òun lọ. Ó ní, "Bàbá, ibẹ̀ ò mọ́ o." Mo ní kò burú, ibi tó mọ́ ti sú mi.

Àfi bíi pé a ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. Màlúù ń ké, àwọn èèyàn ń ké lé wọn lórí, omi ẹlẹ́jẹ̀ ń ṣàn nínú gọ́tà, àwọn alápatà wọ bàtà rọ́bà, wọ́n gbé ẹran sí èjìká, wọ́n ń sáré. Òórùn ibẹ̀ lu mí nímú. Síbẹ̀, kí n tó rìn dé ìdí tábìlì ẹran kìíní, èèyàn bíi mẹ́jọ ti kí mi. "Bàbá, ẹ rọra o, ilẹ̀ ń yọ̀." "Bàbá, ẹ kú ìrìn." Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi nítorí "ẹ rọra" lásán.

Kàmọ́rù yan ẹran. Ẹni tó ń tà á bi mí bóyá kí òun gé e kéékèèké. Mo ní kí ó jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀, pé nígbà tí a bá gbé e dé "ulé" a ó gé e. Ulé ni mo sọ, n kò sọ ilé. Ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn tábìlì náà, àgbàlagbà bíi tèmi, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, fìlà rẹ̀ funfun. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ará Èkìtì ni bàbá yìí."

Ẹ mọ̀ pé mo ní ìka mẹ́fà ní ọwọ́ òsì, ẹ̀yin náà lẹ sọ mí ní Ìkamẹ́fà. Agbòòrùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi lọ́jọ́ náà, nítorí náà mo na ọwọ́ òsì láti gba náílọ̀n ẹran, mo sì ń tọrọ àforíjì pé ọwọ́ òsì ni. Bàbá onírùngbọ̀n yẹn dìde. Ó di ọwọ́ náà mú, ó ń wo ìka mi.

"Sámúẹ́lì," ó ní. "Ìkamẹ́fà."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni yín?"

"Èmi ni Ráímì."

"Ráímì wo?"

"Ráímì tí a jọ wọ fọ́ọ̀mù wáànù! Bẹ́ẹ̀dì mi ló tẹ̀lé tìẹ lápá fèrèsé!"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ nǹkan. Kẹ̀kẹ́ ọ̀gá wa tí kò ní búréèkì. Ajá olójú kan tó máa ń wá sí ilé oúnjẹ. Orin tí a máa ń kọ bí a bá ń pọn omi lódò. Gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọkùnrin yìí, mo wò ó dáadáa, n kò bá a níbikíbi nínú orí mi. Kò sí Ráímì kankan nínú kíláàsì wa. Tàbí ó wà, mo sì ti gbàgbé? Mo rántí ìkòkò ẹ̀wà, mo rántí Bọ̀dé, ẹ̀rù bà mí.

Mo ní, "Há! Ráímì!" Mo dì mọ́ ọn. Irọ́ ni mo pa, ẹ̀yin ará.

Iyán gidi

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, Alhaji Ráímì gbé mi lọ sí ilé rẹ̀ ní Agége. Òun ló ni ọ̀pọ̀ nínú màlúù tí mo rí ní kárà, ọgbà tí wọ́n ń kó màlúù títà sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kò ní ògiri gíga. Gbogbo àdúgbò ló ń wọlé, wọ́n ń jáde. Mò ń gbọ́ ìró odó lẹ́yìnkùlé, mo sì rò pé etí mi ló ń tàn mí. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gún iyán, tòun ti ọmọ rẹ̀ obìnrin, nítorí Alhaji ti sọ fún wọn pé ará Èkìtì ń bọ̀. Ẹ ò gbọ́ irú ẹran tó wà lórí ẹ̀fọ́ yẹn.

A ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, àwọn àgbà tó ti ní ọmọ tiwọn. Ó ní, "Ẹ wá wo ọkùnrin tó gbé àpótí mi."

Àkọ́bí rẹ̀, obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú. "Ẹ̀yin ni! Láti kékeré ni Bàbá ti ń sọ̀rọ̀ yín fún wa."

Alhaji wá sọ ìtàn náà, àwọn ọmọ sì ń bá a sọ ọ́, nítorí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sórí. Ó ní wọ́n lé òun kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ní fọ́ọ̀mù wáànù. Wọ́n ní òun jalè. Wọ́n na òun lójú gbogbo èèyàn ní àsẹ́ńbìlì, wọ́n sì ní kí òun máa lọ ní Sátidé. Bí òun ṣe ń jáde, gbogbo ọmọ tó wà ní dọ́mítìrì dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń pe òun ní olè. Sámúẹ́lì nìkan ló jáde. Sámúẹ́lì gbé àpótí òun rù dé títì ńlá, ó sì bá òun dúró títí lọ́rì fi dé.

"Kò sọ̀rọ̀ kankan o," Alhaji sọ fún wọn. "Ó kàn dúró tì mí. Nígbà tí mo dé ilé àbúrò bàbá mi, ó ní òun kò gba olè sílé. Èkó ni mo bá já sí. Bí ayé bá ti fẹ́ sú mi, màá ní, Ráímì, ẹnìkan gbé àpótí rẹ."

Mo dá òkèlè ọwọ́ mi padà sínú abọ́. Mo bi í pé, "Kí ni wọ́n ní o jí?"

"Agolo mílíìkì. Mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó ni ín títí dòní. Wọ́n ní ẹnìkan rí mi. Wọ́n ṣáà ń nà mí."

N kò rántí ìkankan nínú rẹ̀. Mo jókòó sáàárín àwọn tó ń fi mí yangàn, mò ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń wá ara mi nínú ìtàn náà, n kò rí ara mi.

Rémọ́ǹdì

Mo sọ fún Dípọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé mo pàdé ọmọ kíláàsì wa. Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ mọ ọkùnrin yìí? Àwọn kan máa ń fẹnu dùn mọ́ àgbàlagbà ní Èkó yìí."

"Ó mọ̀ mí."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Mo lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ìbéèrè yẹn. Mo kọ orúkọ gbogbo wa sínú ìwé mi, láti orí Àkàndé títí kan ẹni tó kẹ́yìn. Ráímì kò sí níbẹ̀. Bóyá ẹlẹ́tàn ni lóòótọ́? Ṣùgbọ́n kí ni ẹlẹ́tàn fẹ́ fi iyán gbà lọ́wọ́ mi? Níkẹyìn mo pè é lórí fóònù, mo fọgbọ́n bi í pé, "Alhaji, kí ni àwọn tíṣà wa máa ń pè ọ́ nígbà yẹn ná?"

Ó rẹ́rìn-ín. "O ti gbàgbé? Rémọ́ǹdì ni. Ẹni tó ń kọ orúkọ wa sílẹ̀ ní òun kò mọ Ráímì, ó ní Rémọ́ǹdì ni òun máa kọ."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo jókòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé Dípọ̀. Rémọ́ǹdì! Rémọ́ǹdì Àlàó, ọmọ àwọn oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá rẹ̀ kú, tí ṣòkòtò kàkí rẹ̀ tóbi jù ú. Ẹ̀yin náà ẹ rántí báyìí, àbí?

Ohun tó kù tẹ̀lé orúkọ yẹn wọlé. Màmá mi ra agolo mílíìkì kan fún mi. Àwọn sẹ́níọ̀ máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Lọ́jọ́ kan n kò rí mílíìkì náà nínú lọ́kà mi, mo bú sẹ́kún, mo lọ bá tíṣà tó ń mójú tó dọ́mítìrì wa. Ó bi mí pé, ta ni mo fura sí? Mo ní, "Rémọ́ǹdì ló ń sùn tì mí, sà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò ní mo rí i. N kò ní kò jí i.

Láàárọ̀ Sátidé tí yóò lọ, òjò rọ̀. Mo fa bàtà òjò mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi sì kan nǹkan líle. Agolo mílíìkì náà ni. Èmi fúnra mi ló fi í pamọ́ síbẹ̀ nítorí àwọn sẹ́níọ̀, mo sì gbàgbé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, mo ti ń gbàgbé nǹkan.

Mo lè sáré lọ bá tíṣà. Mo rò ó. Ṣùgbọ́n mo ti rí bí wọ́n ṣe na Rémọ́ǹdì, mo sì mọ̀ pé èmi ni yóò kàn. Mo ti agolo náà padà sínú bàtà, mo jáde lọ láìwọ bàtà, mo gbé àpótí rẹ̀ rù. Ìdí tí n kò fi sọ̀rọ̀ kankan lójú ọ̀nà nìyẹn.

Ẹ wo bí ó ṣe dà mí láàmú tó. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí ó dá ìrántí mi padà. Nígbà tó dá a padà, mò ń wá ibi tí màá gbé e jù sí. Mo tilẹ̀ ń sọ fún ara mi pé bóyá Dípọ̀ ló tọ̀nà, bóyá orí mi tó ti dàrú ló hun ún. Ṣùgbọ́n ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi mọ bí agolo náà ṣe tutù tó.

Mo sọ fún un

N kò dúró de Ọjọ́bọ̀. Mo ní kí Kàmọ́rù gbé mi lọ. Alhaji jókòó sábẹ́ páànù ní kárà, inú rẹ̀ dùn láti rí mi, ó ní kí wọ́n gbé omi wá. Mo ní kí wọ́n má tíì gbé e wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ti sọ fún yín yìí.

Kò dá mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ẹnìkan wá yẹ màlúù wò, Alhaji dìde, ó fi ọwọ́ lu ẹ̀yìn màlúù náà, ó bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ títí tí ó fi lọ. Ó padà wá jókòó.

"Láàárọ̀ Sátidé yẹn lo rí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí o tó wá gbé àpótí mi, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Kí n tó gbé e."

"Kí o tó gbé e," ó ní, bí ẹni tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun. Wọ́n pe ìrun aláásàrí. Ó bọ́ bàtà, ó ṣe àlùwàlá, ó lọ. Mo dúró. Kò padà wá. Nígbà tó pẹ́, Kàmọ́rù ló wá bá mi, kò wojú mi. "Bàbá, Alhaji ní kí n máa gbé yín lọ sílé."

Mo pè é lọ́jọ́ kejì, mo pè é lọ́jọ́ kẹta. Kò gbé e.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Dípọ̀. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Mo rò pé yóò bá mi wí. Ó ní, "Bàbá, ẹ fẹ́ padà sílé, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ìyàwó aládùúgbò mi máa se oúnjẹ mi, kí n má fọwọ́ kan iná mọ́. Mo gbà. Kò bi mí ní ohun tí mo jẹ láàárọ̀ mọ́ títí mo fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó ti gbà pé orí mi pé, tàbí ohun tí mo sọ ló tì í lójú. N kò bi í.

Ilé

Mo ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé nígbà tí fóònù mi dún lọ́sàn-án. Mo gbọ́ igbe màlúù kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Sámúẹ́lì."

"Alhaji."

"Agolo yẹn. Ṣé o mu ún?"

"Rárá. Mo jù ú sínú ṣáláńgá lálẹ́ ọjọ́ yẹn."

"Ò bá ti mu ún."

Ohùn rẹ̀ ṣe bákan. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, mo ti kó ẹ̀bẹ̀ náà jọ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì dá mi lẹ́kun.

"Àwọn ọmọ mi ń béèrè ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún wọn. Ó gbé àpótí mi lóòótọ́. Kì í ṣe irọ́ ni mo fi tọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ máa pè é báyìí?"

"Mi ò mọ̀, Alhaji."

"Èmi náà ò mọ̀."

Mo wá sọ fún un pé àwa ọmọ kíláàsì máa ń pàdé lọ́dọọdún, pé ìpàdé ọdún yìí kù díẹ̀, pé kí ó jọ̀ọ́ kí ó wá. Ó ní, "Kí n wá gẹ́gẹ́ bíi kí ni? Àwọn tó dúró lójú fèrèsé ni wọ́n máa wà níbẹ̀. Olè ni wọ́n mọ̀ mí sí."

"Mi ò sọ pé..."

"Kọ́kọ́ sọ fún wọn ná," ó ní. Ó sì pa fóònù.

Mo ti bẹ akọ̀wé wa pé kí ó má bá mi ka ìwé yìí. Èmi ni màá dìde kà á. N kò mọ̀ bóyá Alhaji yóò wá, n kò sì mọ ojú tí ẹ ó fi wò mí bí mo bá jókòó padà. Ṣùgbọ́n èmi ni ọmọ tó sunkún lọ bá tíṣà. Rémọ́ǹdì Àlàó kò jí nǹkan kan. Inú bàtà mi ni agolo náà wà, mo sì mọ̀ kí ó tó lọ.